Ìdajì stud kì í ṣe ojóró, kì í sì í ṣe pléètì kan

Tẹ́nì kan bá fi LEGO, bíríkì ìṣeré oníke tó ń há mọ́ra yẹn, kọ́ ilé tó dáa báyìí, tí fèrèsé ẹ̀ wọnú díẹ̀ tí ò bá ojú ògiri dọ́gba, tàbí tí òpó kan ṣoṣo dúró sáàárín gbùngbùn ògiri tó fẹ̀ tó stud méjì, kò ní pẹ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan á fi bọ́ síta pé ojóró nìyẹn, pé kò bófin mu, pé ìdajì stud ò sí nínú LEGO gidi, àwọn tó ń dá kọ́ tiwọn nílé ló hùmọ̀ ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ títí ó ti sú mi. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé àwọn tó lówó ra àwọn ilé modular ńláńlá tí LEGO ń tà yẹn gan-an náà ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ jumper, ẹ̀yà tó ń ṣe ìdajì stud gan-an, kún inú páálí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tú.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, stud ni kókó roboto tó yọ sórí bíríkì. Láti àárín stud kan dé àárín èkejì jẹ́ mílímítà 8, ìdajì ẹ̀, tá à ń pè ní ìdajì stud, jẹ́ 4, kò le. Jumper wá ni pléètì kékeré (pléètì ni bíríkì pẹlẹbẹ) tó gùn tó stud méjì àmọ́ tó jẹ́ stud kan péré ló wà lórí ẹ̀, láàárín gbùngbùn, kí ohun tẹ́ ẹ bá gbé lé e lè sún ní mílímítà 4 kúrò níbi tí ì bá jókòó sí. Èyí tó jẹ́ 2 ní 2, ìyẹn stud méjì ní gígùn àti méjì ní fífẹ̀, náà wà, stud kan lòun náà ní, ó máa ń sún nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tún sún un síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó jẹ́ 1 ní 3 wà, tòun ní stud méjì. Iléeṣẹ́ LEGO ní Billund, lórílẹ̀-èdè Dẹ́ńmákì, ló ń ṣe gbogbo ẹ̀, òun ló ń tà á, òun ló ń yà á sínú ìwé ìtọ́sọ́nà fáwọn ọmọdé. Mi ò ní ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn, ẹni tí èyí ò bá tó fún ò fẹ́ gbọ́ ni.

Àbí ẹ ṣì ń jiyàn? Ó dáa, ẹ mú bíríkì Technic kan, ìyẹn irú LEGO tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ, èyí tó ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó gùn tó stud méjì, ihò kan ló sábà máa ń ní, ihò yẹn ò sí lábẹ́ stud kankan, àárín stud méjèèjì ló wà. Èyí tó gùn tó stud mẹ́rin, ihò mẹ́ta. Kí nìyẹn tí kì í bá ṣe ìdajì stud? Technic sì ti wà láti 1977. Kódà tẹ́ ò bá ní jumper rárá, ọ̀pá roboto tó wà láàárín abẹ́ bíríkì 2 ní 2, inú ẹ̀ gba stud kan, tí stud mìíràn ò bá ti sí nítòsí tó máa dí i lọ́wọ́, ẹ sì ti sún un ní ìdajì lọ́tùn-ún lósì nìyẹn. Ọ̀pá yẹn gan-an ni Godtfred Kirk Christiansen, ọmọ ẹni tó dá iléeṣẹ́ LEGO sílẹ̀, fi gba páténtì, 28 January 1958 ló kọ̀wé béèrè fún un. Tó bá jẹ́ ojóró, a jẹ́ pé ojóró yẹn ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú àwa tá à ń jiyàn lé e lórí lọ.

Mo mọ ibi tọ́rọ̀ "kò bófin mu" yìí ti wá. Ní 2006, Jamie Berard, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ya iṣẹ́ fún LEGO, tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ mọ́ àwọn ilé modular, bá àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ràn LEGO sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé BrickFest ní Amẹ́ríkà, ó ṣàlàyé àwọn ọ̀nà ìkọ́lé tí iléeṣẹ́ ò gbà wọlé. Ọ̀rọ̀ ìnira ló ń sọ, ìyẹn pé kẹ́ ẹ má fipá ti bíríkì síbi tí kò bá wọn mu, kó má di pé ó ń tẹ̀, ó ń fẹ̀, tó bá pẹ́ níbẹ̀ kó sán. Kò sọ pé nǹkan ò gbọ́dọ̀ sún kúrò níbi tí stud tò sí. Jumper ò ni nǹkan kan lára: stud ẹ̀ fẹ̀ bíi stud yòókù, abẹ́ ẹ̀ sì ń gba stud bí abẹ́ pléètì yòókù. Àmọ́ àwọn èèyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ "illegal" báyìí, wọ́n bá gbé fìlà ọlọ́pàá dé.

Ìyẹn ṣì dáa o. Àwọn tó ń bí mi nínú gan-an ni àwọn tó ti gbà pé ìdajì stud kì í ṣe ojóró, tí wọ́n wá ní kí làwọn fẹ́ fi jumper ṣe, ṣebí táwọn bá lẹ pléètì kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri, ìdajì stud náà ni. Kì í ṣe ìdajì stud! Bí pléètì ṣe nípọn tó jẹ́ mílímítà 3.2. Ìdajì stud jẹ́ 4. Ó ku 0.8 láàárín wọn, àtọdún dé ọdún ni mo sì ti ń bá àwọn èèyàn fa 0.8 yìí bí ẹni ń fa okùn.

Mo mọ ohun tó ń tan ojú wọn jẹ. Stud fúnra ẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 4.8. Yọ 4.8 kúrò nínú 8, ó ku 3.2, ìyẹn ni àlàfo tó wà láàárín stud méjì, ó sì wá ṣe kòńgẹ́ pẹ̀lú bí pléètì ṣe nípọn tó. Ẹni tó bá ti rí i pé pléètì fẹ́ẹ̀ wọ àárín stud méjì á ní "àárín" nìyẹn, àárín sì ni ìdajì, ó parí. Kò parí. Àlàfo láàárín stud méjì yàtọ̀ sí ìdajì ọ̀nà láti stud dé stud. Ohun kejì ni pé ọ̀pọ̀ wa rò pé bíríkì kékeré oní-stud-kan yẹn dọ́gba yíká, pé bó ṣe fẹ̀ náà ló ṣe ga. Rárá, ó ga ní 9.6, ó sì fẹ̀ ní 8. Pléètì mẹ́ta ló para pọ̀ di bíríkì kan ní gíga, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ to pléètì, márùn-ún ló máa tó stud méjì: 3.2 lọ́nà márùn-ún jẹ́ 16, 8 lọ́nà méjì jẹ́ 16. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bára pàdé, kì í ṣe kí ó tó débẹ̀.

Tàbí ká tiẹ̀ sọ pé pléètì nìkan kọ́ lẹ ní. Ẹ ní bracket, ẹ̀yà tó tẹ̀ bíi L, ara ẹ̀ tó kọrí sísàlẹ̀ yẹn nípọn ní 1.6, ìdajì pléètì. Ẹ ní headlight, bíríkì kékeré tí stud ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wọnú, ìwọ̀nú yẹn náà jẹ́ 1.6. Ó dáa, ẹ máa fi 1.6 kà á lọ: 1.6, 3.2, 4.8, 6.4, 8. Ẹ rí 4 níbẹ̀? Ẹ tún un kà. Bẹ́ ẹ ṣe wù kẹ́ ẹ to bracket àti pléètì àti headlight sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tó, tí jumper tàbí nǹkan míì tó ń ṣe iṣẹ́ jumper ò bá dá sí i, ẹ ò lè dúró lórí 4, ẹ máa fò ó kọjá. Ohun tí mo fẹ́ káwọn èèyàn mọ̀ ò jù báyìí lọ, kò sì sẹ́ni tó ń kọ ọ́ síbi kankan tọ́mọdé ti lè rí i.

Ẹnì kan á wá ní bíríkì kì í fún pinpin, àyè díẹ̀ wà láàárín wọn, àyè yẹn á gbé 0.8 mì. Òótọ́ ni pé bíríkì oní-stud-kan ò tó 8 gan-an, 7.8 ni, 0.1 ni wọ́n fi sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Ṣé 0.2 ló fẹ́ gbé 0.8 mì?

Àwọn mìíràn tún wà tí wọ́n rò pé tí wọ́n bá gun jumper lé jumper, wọ́n á rí ìdá mẹ́rin stud. Ìdajì àti ìdajì, ẹ̀gbọ́n. Odindi ni, tàbí kẹ́ ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní báyìí, mi ò fẹ́ kẹ́nì kan gbọ́ mi bí ẹni ń sọ pé jumper àti pléètì ẹ̀gbẹ́ ò gbọ́dọ̀ pàdé. Àwọn tó mọṣẹ́ a máa mọ̀ọ́mọ̀ pa jumper àti pléètì ẹ̀gbẹ́ pọ̀, torí 0.8 yẹn gan-an ni wọ́n ń wá: 4 yọ 3.2, ẹ rí etí tín-ín-rín kan lójú ògiri tí òjìji ẹ̀ hàn tí ìnípọn ẹ̀ ò sì hàn. 4 yọ 1.6 jẹ́ 2.4, ìyẹn náà ní ibi tó wúlò sí. Nítorí náà bóyá ẹni tí mo bá jà lánàá mọ ohun tó ń ṣe, mi ò rò bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ṣeé ṣe. Àwọn tó sì ń sọ pé ìdajì stud máa ń mú kí nǹkan dẹ̀, wọn ò purọ́ tán. Stud kan ò lè dìmú bíi méjì, ohun tẹ́ ẹ bá sì fi stud kan ṣoṣo gbé á máa yí kiri bí ìlẹ̀kùn. Ẹ fi jumper méjì tì í lẹ́yìn kí wọ́n jìnnà síra, ó tán. Lórí nǹkan tó wúwo gan-an, bí òrùlé tàbí ẹ̀yìn mọ́tò tó gùn, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó máa tó, ẹ kọ́kọ́ gbé e mì wò.

Èyí tí mi ò lè ṣe bóyá-bóyá lé lórí ni kéèyàn máa ti pléètì sáàárín stud méjì torí ó rò pé ìdajì stud lòun ń ṣe. Ìyẹn gan-an wà lára àwọn tí Berard kà sí ìnira. Lórí ìwé 3.2 àti 3.2 dọ́gba, lọ́wọ́ wọn kò dọ́gba, ẹ máa gbọ́ bó ṣe ń ké nígbà tẹ́ ẹ bá ń tì í wọlé, ṣíṣí ẹ̀ jáde sì tún le ju bó ṣe wọlé lọ. Tó bá wá jẹ́ aláwọ̀ brown tàbí aláwọ̀ pupa ṣíṣú tó ti pẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ má dán an wò rárá, gbogbo ẹni tó ti tú LEGO irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ̀ bó ṣe máa ń sán kẹ́kẹ́ láìjẹ́ pé ẹ ṣe é ní nǹkan kan. Àwọn bíríkì olówó pọ́ọ́kú tí kì í ṣe LEGO, ohun tí mo kọ sókè yìí lè má rí bẹ́ẹ̀ fún wọn, ẹ fi caliper, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ìnípọn, wọ̀n wọ́n kẹ́ ẹ tó máa fi 3.2 àti 4.8 ṣírò.