“Yaʿnī” lẹ́nu àwọn Lárúbáwá

Láti Káírò títí dé Bàgídádì, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í sinmi lẹ́nu àwọn Lárúbáwá: “yaʿnī” (يعني). Ẹni tó jáde ní ilé kéwú mọ̀ pé “ó túmọ̀ sí” ni. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ìtumọ̀ yẹn nìkan lọ sáàárín wọn, ọ̀rọ̀ wọn kò ní yé e.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni láti ìpìlẹ̀, orísun kan náà ni òun àti “maʿnā”, ìtumọ̀. Nínú ìwé, ó máa ń bá olùṣe yí: “aʿnī” ni tèmi, “taʿnī” ni ti ìwọ ọkùnrin, “taʿnīna” ni ti ìwọ obìnrin. Ó tún lè jẹ́ “kàn”, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń kan ènìyàn. Hadith (ọ̀rọ̀ Ànábì) kejìlá nínú Hadith Ogójì tí onímọ̀ ẹ̀sìn Nawawi kó jọ sọ pé ara dídára Ìsìláàmù ènìyàn ni kó fi “mā lā yaʿnīhi” sílẹ̀, ìyẹn ohun tí kò kàn án. Ẹni tó bá fi “túmọ̀ sí” túmọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ti da hadith náà rú.

Lẹ́nu, kì í yí mọ́, ì báà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin ló ń sọ̀rọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ “ìyẹn ni pé”, ó sì ń fún ènìyàn láyè láti ronú.

Èyí tó ń ṣi àlejò lọ́nà jù ni ti ìdáhùn. Bí o bá bi ará Síríà pé “kīfak?”, ṣé dáadáa ni, tó fa “yaʿnī” pẹ̀lú ohùn tó ń lọ sílẹ̀, ara kò fi bẹ́ẹ̀ dá a. Má kàn sọ “al-ḥamdu lillāh” kí o kọjá. Bi í pé kí ló dé. Bí o bá se oúnjẹ fún un, tí o béèrè bóyá ó dùn, tó ní “yaʿnī”, kò dùn tó lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ ló ń wò.

Bí ohùn bá lọ sókè, “yaʿnī?”, ó fẹ́ kí o sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ní Íjíbítì, “yaʿni ēh?” lè jẹ́ “kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?” lásán, ṣùgbọ́n bí a bá fi ìkanra sọ ọ́, ìpèníjà ni. Má sọ ọ́ sí àgbà.

Lẹ́tà ʿayn, èyí tí àmì ʿ dúró fún, ló ń dà wá láàmú, a máa ń pe ọ̀rọ̀ náà ní “yáánì”. Fún àárín ọ̀fun pọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn “ya”, jẹ́ kí ohùn máa jáde, kí o tó bọ́ sí “nī” tó gùn. Bí ohùn bá gé pátápátá, hamza, lẹ́tà mìíràn, lo pè yẹn.

Àwọn ará Íjíbítì kì í sábà fi àmì tóótòòtó méjì sábẹ́ yāʾ ìparí ọ̀rọ̀ (يعنى). Má kà á sí “yuʿnā”, bí ẹni pé “ā” ló parí rẹ̀. Nínú àròkọ ìdánwò tàbí lẹ́tà ọ́fíìsì, “ay” (أي) ni kí o fi ṣe àlàyé dípò “yaʿnī”.