Bí wọ́n ṣe ń yẹ ìwé ìròyìn wò lórí kónílé-ó-gbélé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọwọ́ tí àwọn ìwé ìròyìn fi mú kónílé-ó-gbélé ìgbà Kòrónà, tó bá ṣáà jókòó tó ń ka pépà lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tó ti wà lọ́kàn ẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ló máa rí. Ẹni tí inú ń bí sí ìjọba á ní pépà ń pọ́n ìjọba, ẹni tó fẹ́ràn ìjọba á ní wọ́n kàn ń bú ìjọba lásán ni, pépà kan náà sì ni àwọn méjèèjì kà o. Torí ẹ̀ làwọn tó ń fi èyí ṣe ìwádìí ṣe máa ń kà á lọ́nà tí ẹlòmíì lè tọ̀ lẹ́yìn wọn, kó sì bá ohun kan náà níbẹ̀.

Ìbéèrè ló ń ṣáájú. "Kí ni pépà sọ nípa lọ́kìdáànù?" ti fẹ̀ jù, apá ò lè ká a. Àmọ́ "ta ni wọ́n ń di ẹ̀bi rù, ìjọba àbí aráàlú?", ìyẹn ṣe é kà. Ó wá kan pépà wo, àti láti ọjọ́ wo sí ọjọ́ wo, ibi ọjọ́ yìí gan-an sì lèèyàn ti lè ṣìnà. 23 January 2020 ni wọ́n ti ìlú Wuhan pa ní Ṣáínà, 11 March ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, pè é ní àjàkálẹ̀ àrùn tó kárí ayé, 23 March ni ìjọba UK tó ní kí aráàlú jókòó sílé. Oṣù méjì géérégé! Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka pépà UK láti 23 March ti fo gbogbo ìgbà tí lọ́kìdáànù ṣì jẹ́ ìròyìn òkèèrè, ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíì, á wá rò pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n á wá ju ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà kó bá wọn wá a jáde. Tí wọ́n bá wá "lockdown" nìkan, bọ́ọ̀lù tí wọ́n dá dúró á jáde, bí wọ́n ṣe ń yan búrẹ́dì nílé á jáde, ìròyìn tó pè é ní "quarantine" ò ní jáde rárá. Kò sí ọgbọ́n míì ju kí èèyàn fọwọ́ ṣà á lọ. Ìròyìn kan náà tún lè ti ọ̀dọ̀ Reuters, iléeṣẹ́ tó ń ta ìròyìn fáwọn pépà, wá kí pépà márùn-ún gbé e, ṣé ọ̀kan nìyẹn àbí márùn-ún? Tó bá jẹ́ ohun táwọn èèyàn kà ni wọ́n ń wá, márùn-ún ni, tó bá jẹ́ ohun táwọn akọ̀ròyìn kọ, ọ̀kan ni.

Iṣẹ́ tó le jù ni kóòdù, ìyẹn kí wọ́n ka ìròyìn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn ìbéèrè wọn sí i lára. Ojú tí pépà fi wo ọ̀rọ̀ làwọn kan ń pè ní férémù, bíi férémù fọ́tò, ohun tó wọ inú ẹ̀ lèèyàn máa rí. Robert Entman, onímọ̀ nípa ìbánisọ̀rọ̀, kọ ọ́ lọ́dún 1993 pé férémù máa ń sọ ohun tó jẹ́ ìṣòro, ẹni tó fà á, bóyá ó dáa àbí ò dáa, àti ohun tó yẹ ká ṣe sí i. Ó rọrùn lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká ní àkọlé kan sọ pé "Ọlọ́pàá mú èèyàn 24 létí òkun". Ẹni àkọ́kọ́ tó kà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé aráàlú ni wọ́n dá lẹ́bi. Ẹnì kejì ka ìròyìn náà dé ìsàlẹ̀, ó bá a níbẹ̀ pé ọjọ́ méjì péré ni òfin ti yí padà tí ẹnikẹ́ni ò kéde ẹ̀, ló bá kọ ìjọba. Ta ló gbà á? Àwọn méjèèjì ló gbà á, ìwé òfin táwọn olùwádìí fi ń ka ìròyìn ni ò sọ ibi tó yẹ kí wọ́n kà á dé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ lọ tún un kọ.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kí èèyàn méjì ka ìròyìn kan náà láìjẹ́ kí wọ́n rí tara wọn. Ẹ má tètè yọ̀ tí wọ́n bá fẹnu kò lórí 90 nínú 100 o. Tó bá jẹ́ pé ìròyìn 90 lẹnì kọ̀ọ̀kan kọ pé "kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi", kódà tí wọ́n bá ń dijú kọ ọ́, nǹkan bíi 82 ni wọ́n á ṣì bára wọn mu. Jacob Cohen, onímọ̀ ìṣirò, gbé ìṣirò kan kalẹ̀ lọ́dún 1960 tó ń yọ ti oríire yẹn kúrò, tí wọ́n ń pè ní kappa, 90 tó ń dán yìí sì di 0.44 péré. Wọ́n á padà sídìí ìwé òfin nìyẹn.

Àwọn míì máa ń ka ẹni tí pépà fún láàyè láti sọ̀rọ̀, mínísítà mélòó, dókítà mélòó, ẹni tí ò ríṣẹ́ ṣe mélòó. Èmi ò rò pé nǹkan míì wà tó ń tú àṣírí tó yẹn.

Fọ́tò ló máa ń bọ́ sọnù, torí ọ̀rọ̀ nìkan ló pọ̀ nínú ibi tí wọ́n ń kó ìròyìn pa mọ́ sí, bí ìròyìn bá sì wà lójú ewé àkọ́kọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ńlá, ẹ ò ní mọ̀. Wọ́n á ní láti padà lọ wo ojú ewé pépà náà gan-an. Etí òkun yẹn ńkọ́? Tí wọ́n bá fi lẹ́ǹsì gígùn ya á láti ọ̀ọ́kán, àwọn tó jìnnà síra wọn á dà bí ẹni tó fara kanra, bẹ́ẹ̀ ìròyìn tó wà lábẹ́ ẹ̀ lè má sọ pé wọ́n fún mọ́ra rárá.