Géèmù ejò lórí Arduboy: ẹ ṣọ́ RAM lò

Géèmù ejò tí Taneli Armanto kọ sínú Nokia 6110 lọ́dún 1997, tí ọ̀pọ̀ wa wá mọ irú rẹ̀ dunjú lórí 3310, ni mo máa ń ní kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Arduboy, ẹ̀rọ géèmù kékeré tí a ń fọwọ́ mú, kọ́kọ́ tún kọ. Arduboy kò ju káàdì ATM lọ. Bọ́tìnì mẹ́fà ló ní, ojú rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 128 níbùú, 64 lóròó, dúdú àti funfun nìkan. Ààyè kóòdù ibẹ̀ tó ejò í kọ dáadáa. RAM, ibi tí ẹ̀rọ ń tọ́jú nǹkan sí nígbà tí géèmù ń lọ, ló há: báìtì 2,560 péré.

Kí ẹ tó kọ ìlà kan, àwòrán ojú ẹ̀rọ ti gba 1,024 nínú rẹ̀. Ká ní oríkèé ara ejò kọ̀ọ̀kan gba píksẹ́lì 4 sí 4, ojú ẹ̀rọ á pín sí àpótí 32 níbùú, 16 lóròó, 512 lápapọ̀. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni kí a tọ́jú x àti y (ipò níbùú àti lóròó) oríkèé kọ̀ọ̀kan, báìtì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Báìtì 1,024 mìíràn lọ nìyẹn. Ó ku 512 fún gbogbo nǹkan yòókù. Kóòdù á wọ inú ẹ̀rọ láìjà, àmọ́ tó bá yá, ojú ẹ̀rọ á kún fún àmì wúruwùru, tàbí kí ẹ̀rọ ṣàdédé tún ara rẹ̀ tàn.

Ẹ má tọ́jú ibi tí oríkèé wà. Ọ̀nà tó kọjú sí ni kí ẹ tọ́jú. Ọ̀nà mẹ́rin ló wà, bíìtì méjì gbà á (bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan), báìtì 128 sì tó fún gbogbo 512. Ẹ wá fi x àti y orí àti ti ìrù nìkan kún un. Bí ejò bá ṣí ẹsẹ̀ kan, ẹ kọ ọ̀nà tí orí gbà sí iwájú àkójọ. Èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá ló máa sọ ibi tí ìrù ń fà lọ. Tí nọ́ńbà ààyè inú àkójọ bá dé 511, kó padà sí 0.

Ojú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lè bá yín ṣọ́ ìkọlù. Ẹ má lo clear(), tó ń nu ojú ẹ̀rọ, nígbà gbogbo: ẹ ya orí tuntun, ẹ pa ìrù rẹ́, kí getPixel() sọ bóyá nǹkan ti wà níbi tí orí fẹ́ wọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá oúnjẹ ni. Bí kì í bá ṣe oúnjẹ, ẹ pa ìrù rẹ́ ná, kí ẹ tó yẹ àpótí náà wò. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ejò tó ń tẹ̀ lé ìrù ara rẹ̀ tímọ́tímọ́ á kú láìṣẹ̀. Píksẹ́lì 3 sí 3 ni kí ẹ sì kùn nínú àpótí, kí ara tó ká jọ má baà lẹ̀ mọ́ra.

setFrameRate(30), ìyẹn àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, dára. Kí ejò máa ṣí ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú àwòrán mẹ́fà, àmọ́ kí pollButtons(), tó ń ka bọ́tìnì, ṣiṣẹ́ ní gbogbo àwòrán. Àléébù tó máa ń bí òṣèré nínú jù wà níbí: ejò ń lọ sọ́tùn-ún, òṣèré tẹ òkè, ó tẹ òsì kíá, kí ejò tó ṣíṣẹ̀. Bí kóòdù yín bá fi òsì wé òkè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, á gbà á, orí á sì gbá ọrùn. Ọ̀nà tí ejò rìn kẹ́yìn ni kí ẹ fi wé. Kí ẹ tún fi títẹ̀ kejì pa mọ́ de ìgbésẹ̀ tó kàn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta á rí ìyàtọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ pe initRandomSeed() lẹ́yìn tí òṣèré bá tẹ A láti bẹ̀rẹ̀, kí oúnjẹ má baà máa bọ́ síbi kan náà lójoojúmọ́.

Inú EEPROM, ibi ìpamọ́ tí kì í pa rẹ́ bí ẹ bá pa ẹ̀rọ, ni máàkì tó ga jù ń gbé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti EEPROM_STORAGE_SPACE_START, torí báìtì 16 àkọ́kọ́ kì í ṣe tiyín. Ìgbà tí máàkì tuntun bá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nìkan ni kí ẹ kọ ọ́. Ìkọ̀wé 100,000 ni wọ́n ṣèlérí fún ààyè kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń lo EEPROM.write() ní gbogbo àwòrán á ná an tán kí wákàtí kan tó pé.

Bí kóòdù bá dà rú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ kò gba tuntun mọ́, ẹ pa á, ẹ di bọ́tìnì òkè mú, ẹ tàn án. Ojú rẹ̀ á funfun báláú. Ẹ fi kóòdù tuntun ránṣẹ́ nígbà náà.