Kí ló dé tí ọba Suleja fi ń jẹ́ Sarkin Zazzau, báwo sì ni orúkọ Abuja ṣe kúrò ní ìlú náà?

Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí a fi Suleja, Madalla tàbí Zuba ṣe ibùgbé, tí a sì ń ti ibẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ ní Abuja lójoojúmọ́, ni kò mọ̀ pé Suleja gan-an ni Abuja àkọ́kọ́. Àwọn ìbéèrè tí àwọn ará wa sábà máa ń béèrè nípa ìlú náà nìyí. Mo gbà pé ó yẹ kí a fara balẹ̀ dáhùn wọn, nítorí pé kò dára kí ènìyàn máa tọ́mọ lórí ilẹ̀ kan fún ọ̀pọ̀ ọdún láìmọ àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó.

Sàríà ni gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Zazzau. Kí ló dé tí ọba Suleja náà fi ń jẹ́ Sarkin Zazzau?

“Sarkin” ni àwọn Haúsá ń pe ọba. Ìdí tí ọba Suleja fi ń jẹ́ orúkọ náà ni pé ìdílé ọba tí ó wà ní Suleja lónìí ni ó ń jọba ní Sàríà kí ogun jìháàdì Usman dan Fodio tó dé. Ní 1804, àwọn Fúlàní tí Mallam Musa ṣáájú wọn gba Sàríà. Muhammadu Makau, ọba Haúsá tí ó wà lórí oyè nígbà náà, kó àwọn ìjòyè, àwọn ẹbí àti àwọn ọmọ ogun tí ó ṣẹ́kù fún un, ó sì forí lé ìhà gúúsù títí ó fi dé Zuba, níbi tí àwọn Koro ti gbà á sí ọ̀dọ̀. Ààfin ni ó fi sílẹ̀, kò fi oyè sílẹ̀. Lójú àwọn tí ó tẹ̀lé e, ibi tí ọba Zazzau bá wà ni Zazzau wà.

Makau kú sójú ogun ní Lapai ní 1825, àbúrò rẹ̀, Abubakar, sì gorí oyè. Nítorí pé ó jẹ́ ènìyàn pupa, Abu Ja ni wọ́n ń pè é, torí pé “ja” ni àwọn Haúsá ń pe pupa. Ọba yìí ni ó tẹ ìlú tuntun dó ní 1828, kò jìnnà sí Zuba, ó fi odi yí i ká, orúkọ rẹ̀ sì ni ìlú náà ń jẹ́: Abuja. Àwọn Fúlàní Sàríà gbìyànjú láti ṣẹ́gun rẹ̀, ṣùgbọ́n apá wọn kò ká a, ìlú náà sì dá dúró títí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi wọ inú rẹ̀ ní 1902. Bí Sarkin Zazzau ṣe di méjì nìyẹn: ti Sàríà jẹ́ ti ìdílé àwọn Fúlàní tí ó gba ìlú, ti Suleja sì jẹ́ ti ìdílé àwọn Haúsá tí wọ́n gba ìlú lọ́wọ́ wọn.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún Yorùbá láti yé. Ní àwọn ọdún 1830, lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé ti tú, Aláàfin Àtìbà gbé oyè àti orúkọ Ọ̀yọ́ wá sí Àgọ́-Ọjà, kò sì sí ẹni tí ó ń sọ lónìí pé Aláàfin kì í ṣe Aláàfin mọ́. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ahoro ni Ọ̀yọ́-Ilé dà, ṣùgbọ́n Sàríà kò dahoro.

Ṣé ilẹ̀ tí kò ní olùgbé ni Abu Ja bá nígbà náà?

Rárá o. Ọ̀pọ̀ ìtàn tí a ń gbọ́ nípa ìlú yìí ń bẹ̀rẹ̀ láti 1828, bí ẹni pé igbó kìjikìji ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn kò sì tọ́ sí àwọn onílẹ̀. Àwọn Gbagyi, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Gwari, àti àwọn Koro ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí Haúsá kankan tó ti Sàríà dé. Àgbẹ̀ àti amọ̀kòkò ni àwọn Gbagyi, èjìká ni àwọn obìnrin wọn sì ń gbé ẹrù lé, wọn kì í rù ú sórí. Àwọn náà ni wọ́n ni ọ̀pọ̀ abúlé tí ó wà ní ibi tí olú-ìlú wà báyìí, wọ́n sì ṣí púpọ̀ nínú wọn nípò lọ sí àwọn ibi bíi Kubwa nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ àwọn tí ó kọ́kọ́ dé, ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Báwo wá ni olú-ìlú ṣe gba orúkọ náà?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1975, ìjọba Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wo bí Èkó yóò bá ṣì jẹ́ olú-ìlú, Adájọ́ Akinola Aguda, ọmọ Àkúrẹ́, ni ó sì jẹ́ alága rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà dábàá àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè, òfin tí ó dá agbègbè olú-ìlú sílẹ̀ sì jáde ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976. Apá ńlá nínú ilẹ̀ ọba Abuja wọ inú agbègbè náà, orúkọ sì bá ilẹ̀ lọ. Ìlú tí Abu Ja fi odi yí ká ni kò lọ. Ìpínlẹ̀ Niger ni ó bọ́ sí. Suleimanu Barau, tí ó gorí oyè ní 1944, ni ọba ìlú náà nígbà yẹn, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì so mọ́ ti Abu Ja tí ó fi di Suleja. Ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò ní Èkó.

Ṣé inú Abuja ni Àpáta Zuma wà?

Ìpínlẹ̀ Niger ni ó wà, lẹ́bàá Madalla, ní ojú ọ̀nà Kaduna. Ó fi nǹkan bí 300 mítà ga ju ilẹ̀ tí ó yí i ká lọ. Àwọn Gbagyi máa ń sá sí ibẹ̀ nígbà ogun.

Yàtọ̀ sí àpáta náà, kí ni ó tún yẹ kí àlejò wò ní Suleja?

Tí ó bá jẹ́ èmi ni ẹ bi, n ó ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ sí ibi ìmọ̀kòkò. Ní 1950, Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, rí àwọn ìkòkò kan ní ààfin Suleimanu Barau tí wọ́n wù ú gidigidi. Obìnrin Gbagyi kan láti Kwali, Ladi Kwali, ni ó mọ wọ́n. Cardew dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀kòkò sílẹ̀ ní ìlú náà, Ladi Kwali sì dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1954, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kẹ̀kẹ́ mọ ìkòkò, ṣùgbọ́n ọnà ìbílẹ̀ ni ó sọ ọ́ di olókìkí: yóò máa to amọ̀ lé ara wọn ní róbótó, yóò máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ yí ìkòkò náà po, lẹ́yìn náà ni yóò fín alángbá, àkekèé àti ejò sí i lára. Ó ṣe iṣẹ́ yìí lójú àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Ó kú ní 1984. Àwòrán rẹ̀ ni ó wà lẹ́yìn owó ogún náírà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ilé ìmọ̀kòkò náà ní Suleja.