Ṣé èèyàn lè ní Medicare kó tún ní Medicaid?

Ìbéèrè: Màmá mi ti pé ẹni ọdún 67. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ní Medicare, ètò ìbánigbófò ìlera ti ìjọba. Owó tó ń wọlé fún wọn lóṣù kò tó nǹkan. Wọ́n gbọ́ pé àwọn tún lè béèrè fún Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀: wọ́n ní ìjọba á pe àwọn ní olójúkòkòrò, á sì gba èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Òfin fàyè gba kí èèyàn ní méjèèjì, ó sì tó mílíọ̀nù 12 èèyàn tó ń jẹ àǹfààní méjèèjì pọ̀. Orúkọ wọn tó jọra ló ń da ọ̀pọ̀ lójú rú. Ọdún 1965 ni Ààrẹ Lyndon Johnson buwọ́ lu òfin tó dá méjèèjì sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ń gba èèyàn wọlé yàtọ̀. Medicare ń wo ọjọ́ orí, láti 65 lọ sókè, tàbí àìlera tó le. Medicaid ń wo owó tó ń wọlé, àti dúkìá pàápàá fún àgbàlagbà ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ló jọ ń náwó sí Medicaid, orúkọ rẹ̀ sì lè yàtọ̀: Medi-Cal ni wọ́n ń pè é ní California, TennCare ní Tennessee. Àgbàlagbà tí owó rẹ̀ ò tó ná lè kúnjú òṣùwọ̀n méjèèjì. Ẹ̀tọ́ màmá yín ni láti béèrè.

Ìbéèrè: Èwo nínú wọn ló máa ń sanwó?

Ìdáhùn: Medicare ló ń kọ́kọ́ san, Medicaid ló ń kẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí Medicare kì í dá sí rárá, ibẹ̀ ló sì ká mi lára jù. Bí àgbàlagbà bá dé ipò pé ẹlòmíì ní láti máa wẹ̀ ẹ́, kó máa wọṣọ fún un, kó máa fún un lóúnjẹ lójoojúmọ́, Medicare ò ní sanwó ilé ìtọ́jú arúgbó fún un. Ó lè san fún ìtọ́jú àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́yìn tí èèyàn bá ti ilé ìwòsàn dé, kò sì ní ju 100 ọjọ́ lọ. Medicaid ló ń san ti ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹbí ni kì í mọ èyí títí bíìlì á fi dé. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé lẹ́yìn ikú ẹni tó gba irú ìtọ́jú yìí, ìpínlẹ̀ lè béèrè owó náà padà nínú ogún tó fi sílẹ̀.

Ìbéèrè: Tí owó wọn bá fi díẹ̀ ju ti Medicaid lọ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ìyẹn jókòó sílé. Ètò mìíràn wà, Medicare Savings Programs, tí ìpínlẹ̀ fi ń bá èèyàn san owó oṣooṣù Part B (apá Medicare tó ń sanwó dókítà), tó jẹ́ dọ́là 185 ní ọdún 2025. Èyí tó gbòòrò jù nínú wọn ni QMB (Qualified Medicare Beneficiary). Ẹni tó bá ní in, dókítà tó ń gba Medicare ò gbọdọ̀ bu owó kankan lé e lórí fún ìtọ́jú tí Medicare ń dá sí. Tí ẹnì kan bá fi irú bíìlì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, ẹ má san án. Ẹ fi káàdì Medicare àti ti Medicaid tàbí QMB hàn án. Ẹni tó bá wọ èyíkéyìí nínú ètò tó ń san owó Part B wọ̀nyí tún máa ń rí Extra Help gbà fún owó oògùn, láìjẹ́ pé ó kọ fọ́ọ̀mù mìíràn.

Ìbéèrè: Ṣé títí láé ni wọ́n á máa gba Medicaid?

Ìdáhùn: Ìpínlẹ̀ máa ń tún ọ̀rọ̀ Medicaid yẹ̀ wò, nítorí náà kí màmá máa ṣí lẹ́tà tí ìpínlẹ̀ bá fi ránṣẹ́, kí wọ́n sì sọ fún ìpínlẹ̀ tí àwọn bá kó kúrò nílé. Bí Medicaid bá dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kan, Medicare wọn ṣì wà níbẹ̀.