Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí kì í tó: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ìgbàkígbà tí mo bá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ níhìn-ín l'Abẹ́òkúta, wọ́n á ní sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ mi kò tó, bẹ́ẹ̀ mò ń nájà ní Ìtókù lójoojúmọ́, ibì kankan kò sì dùn mí. Ṣé àìsàn ni?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà pé irú èwo ni kò tó. Inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé ọ́síjìn kiri, sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò àrùn jà, àti plétílẹ́ẹ̀tì tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró bí a bá fara gbọgbẹ́.

Bí ó bá jẹ́ nútírófíìlì nìkan, èyí tó sábà máa ń pọ̀ jù nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun, ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ àìsàn rárá. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwa ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni kò ní àmì kan tí wọ́n ń pè ní Duffy lára sẹ́ẹ̀lì pupa wa. Àìní rẹ̀ ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ kòkòrò ibà kan, Plasmodium vivax, ṣùgbọ́n òun náà ló ń mú kí nútírófíìlì ọ̀pọ̀ nínú wa wà lábẹ́ 1,500 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan, láìjẹ́ pé àrùn ń tètè mú wa. Ó dùn mí pé àwọn ènìyàn ń náwó lórí àgbo àti oògùn ẹ̀jẹ̀ nítorí ohun tí wọ́n bí mọ́ wọn.

Ìbéèrè: Bí ó bá wá jẹ́ àìsàn ńkọ́?

Ìdáhùn: Bí nútírófíìlì bá wà lábẹ́ 500, ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ara gbígbóná. Àṣà wa ni kí a ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì, kí a sì dúró wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí báyìí kò lè dúró. Bí ìgbóná ara bá ti dé 38°C, ìbáà jẹ́ òru, kí ó kọrí sí ilé ìwòsàn ńlá bíi ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà, kí ó fi ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ han nọ́ọ̀sì tó bá kọ́kọ́ rí, nítorí wákàtí díẹ̀ lè sọ kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ di ewu ẹ̀mí.

Ìbéèrè: Plétílẹ́ẹ̀tì ni tèmi.

Ìdáhùn: 150,000 sí 450,000 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan ló yẹ kí ó jẹ́. Bí ó bá kéré púpọ̀, ẹ má sín gbẹ́rẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gún yín lábẹ́rẹ́ ní ìdí láìjẹ́ pé dókítà mọ̀, ẹ sì yẹra fún aspirin àti ibuprofen. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ eyín dípò orín líle. Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà tàbí orí fífọ́ tó le lójijì kò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì nílé.

Ìbéèrè: Ṣé oúnjẹ lè dá a padà?

Ìdáhùn: Bí ohun tó fà á bá jẹ́ àìtó áyọ́ọ̀nù (èròjà irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀) tàbí fólétì (irú fítámì kan), ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹ̀dọ̀ yóò ṣèrànwọ́, oògùn dókítà ni yóò sì ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára léraléra lè ti ní áyọ́ọ̀nù ju bó ṣe yẹ lọ, tí yóò sì máa ba ọkàn àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má ra oògùn ẹ̀jẹ̀ mu kí wọ́n tó wọn áyọ́ọ̀nù ara rẹ̀.