Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wá ọ̀pá ẹ̀yìn tó wọ́

Ẹ ká àwọ̀n ẹ̀fọn sí méjì, kí ẹ nà án sójú fèrèsé. Àwọn ìlà dúdú kan á máa rú lójú rẹ̀ bí omi odò, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò yà wọ́n síbẹ̀: ihò àwọ̀n méjèèjì ló ń bo ara wọn níbì kan, tí wọ́n ń ṣí níbòmíràn. Moiré ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 1970, Hiroshi Takasaki, ọmọ Jàpáànù, fi hàn pé irú ìlà bẹ́ẹ̀ lè sọ ibi tó yọ àti ibi tó jìn lára ènìyàn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi wo ẹ̀yìn àwọn ọmọ ilé ìwé ní Tokyo.

Scoliosis ni wọ́n ń wá, ìyẹn ọ̀pá ẹ̀yìn tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú 100 ọmọ tó ń bàlágà, bíi 2 sí 3 ló ní in. Kì í sábà dùn wọ́n, aṣọ sì ń bò ó mọ́lẹ̀. Àsìkò tí ọmọ ń ga lójijì gan-an ló máa ń le sí i.

Ọ̀pá ẹ̀yìn náà kì í wọ́ lásán, ó tún máa ń lọ́, bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi rẹ̀. Eegun ìhà tó so mọ́ ọn á bá a lọ: ẹ̀gbẹ́ kan á yọ, èkejì á rì. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń ní kí ọmọ tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀, kí òun lè wò ó láti ẹ̀yìn. Dókítà William Adams ti sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò yìí ní London lọ́dún 1865, kò sì tíì di ohun àtijọ́.

Nínú ọ̀nà moiré, ọmọ á kọ ẹ̀yìn sí férémù kan tí wọ́n ta okùn tín-ín-rín sí lára, tí okùn kọ̀ọ̀kan sún mọ́ra. Iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan á ju òjìji àwọn okùn náà sẹ́yìn rẹ̀, kámẹ́rà á sì máa wò ó láàárín okùn kan náà. Òjìji ń tẹ̀ lé ara, okùn kò tẹ̀. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni òrùka ti ń jáde, òrùka kọ̀ọ̀kan sì dúró fún ìwọ̀n jíjìn kan. Ẹ̀yìn tó gún á rí bí ìyẹ́ labalábá, ọ̀tún bá òsì mu. Bí òrùka 4 bá wà léjìká ọ̀tún, tí 2 péré wà ní òsì, wọ́n á ya ọmọ náà sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò síwájú sí i.

Ní Münster, ní Jámánì, àwọn olùwádìí méjì, Drerup àti Hierholzer, mú okùn kúrò pátápátá ní àwọn ọdún 1980. Ẹ̀rọ á tan ìlà ìmọ́lẹ̀ sẹ́yìn ọmọ, kámẹ́rà á wò ó láti igun mìíràn, kọ̀ǹpútà á sì fi bí ìlà ṣe tẹ̀ ṣírò ibi tí awọ ara wà. Á wá eegun tó yọ nísàlẹ̀ ọrùn, á wá kòtò kékeré méjì tó wà lókè ìdí, á sì fi wọ́n fojú bu ipa ọ̀nà ọ̀pá ẹ̀yìn.

Ó fojú bù ú ni o. Ìmọ́lẹ̀ kì í kọjá awọ. Ọ̀rá lè bo yíyọ mọ́lẹ̀, irun tí wọn kò dì sókè lè bo ọrùn, ọmọ tó fara ti ẹsẹ̀ kan lè dà bí ẹni tó wọ́. X-ray ló ń dájọ́: láti 10 dígírì lọ sókè, lórí ìwọ̀n igun wíwọ́ tí dókítà John Cobb gbé kalẹ̀ lọ́dún 1948, ni wọ́n tó ń pè é ní scoliosis. Nígbà tó bá tó bíi 25 sí 40, tí ọmọ ṣì ń ga, wọ́n á fún un ní àmúró ike tó máa ń wọ̀ mọ́ àyà àti ìbàdí.

Lójú tèmi, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n ti rí àrùn náà tán ni ẹ̀rọ yìí wúlò jù. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2000 rí i pé, láàárín àwọn obìnrin tí wọ́n ya X-ray ẹ̀yìn wọn léraléra nígbà èwe, jẹjẹrẹ ọmú pa ju iye tó yẹ kó pa lọ. Nítorí náà, bí ọmọ bá padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ tàn sí i. Bí àwòrán tuntun bá bá ti tẹ́lẹ̀ mu, X-ray lè dúró ná.